Eku kan ṣoṣo ni Adébáyọ̀ Fálétí lé

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Toronto tí kò tíì gbọ́ òwe yìí lẹ́nu òbí rẹ̀: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ máa ṣe àwàdà lórí TikTok mọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó tí òun ń kọ́ ní yunifásítì, òwe yìí ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Bó bá ní òun fẹ́ máa ṣe podcast, kí òun máa ṣe MC lópin ọ̀sẹ̀, kí òun sì tún máa kọ eré, wọ́n á ní kó mú ọ̀kan kó fi ìyókù sílẹ̀.

A ò ní bá òwe àwọn àgbà jà. Òwe náà tọ̀nà. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá rí tó ń sáré kiri inú igbó ló ń lé eku méjì. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé eku kan ṣoṣo ló ń lé. Eku náà ló ń ti inú igbó kan bọ́ sí òmíràn. Àpẹẹrẹ tí a mú wá lónìí ni olóògbé Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, akéwì, òǹkọ̀wé, ògbufọ̀ àti òṣèré, tó jáde láyé ní oṣù keje ọdún 2017.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí bàbá yìí rí láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ti jókòó ti àwọn òbí yín wo fíìmù Ṣaworoidẹ rí, èyí tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀, ẹ ó rántí àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pálábá, ẹni tó ń fi òwe sọ òótọ́ fún àwọn tó wà nípò. Fálétí ni. Ẹni tó bá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu rẹ̀ nínú fíìmù yẹn lè rò pé iṣẹ́ òṣèré nìkan ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Rárá o. Kó tó di Ọ̀pálábá, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Fálétí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Fálétí wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tuntun, ó sì wà lára àwọn tí ń bójú tó fíìmù tí ilé iṣẹ́ náà ní. Nígbà tó yá, ó di ọ̀gá àgbà fún BCOS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lé lórí nìyẹn o. Ẹ wá wo ohun tó ṣe mọ́ ọn. Ó kọ ìwé ìtàn àròsọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tó jáde ní 1969, ìtàn àwọn ènìyàn tó ń wá òmìnira kúrò lábẹ́ àwọn tó ń jẹ gàba lé wọn lórí. Ó kọ eré Baṣọ̀run Gáà, nípa Baṣọ̀run tó lágbára ju ọba lọ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ó kọ ewì lóríṣiríṣi. Ìtàn rẹ̀ lórí mágùn ni Túndé Kèlání sọ di fíìmù Thunderbolt ní 2001. Òun ló túmọ̀ orin orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà lò láti 1978 di 2024 sí Yorùbá. Òun náà ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, àti lẹ́yìn rẹ̀ Olóyè Ernest Shonekan, bá bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì yẹ kí àwọn tó gbọ́ Yorùbá nìkan mọ ohun tí olórí wọn wí.

Ẹ ka iṣẹ́ náà: akàròyìn, ọ̀gá ilé iṣẹ́, òǹkọ̀wé, akéwì, ògbufọ̀, òṣèré. Eku mélòó nìyẹn? Ní ojú tiwa, ẹyọ kan ni. Iṣẹ́ kan náà tó ń ṣe nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá tó gún, tó sì yé ẹni tó ń gbọ́. Ó sọ ọ́ nínú rédíò, ó sọ ọ́ nínú ìwé, ó sọ ọ́ fún olórí orílẹ̀-èdè, ó sì sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà nígbà tí irun rẹ̀ ti funfun.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iṣẹ́ rédíò ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn bàbá wa pe rédíò ní ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kò rí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín tàbí wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Kò lè fi ọwọ́ júwe, kò lè ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ní. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, ọkọ ìyàwó lè di ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko sì lè di ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní abúlé sì lè jẹ́ àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá ju akàròyìn fúnra rẹ̀ lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ìròyìn ló máa ń wọlé ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbọ́dọ̀ jáde ní Yorùbá kí aago tó lù. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ìyá tó ń ta àgbàdo pé ìjọba ti ka iye owó tí wọ́n máa ná lọ́dún tó ń bọ̀ síwájú àwọn aṣòfin? Ètò ìṣúná ni wọ́n pè é. Ilé ẹjọ́ tí ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn máa ń gbà lọ ńkọ́? Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe ṣàlàyé ara rẹ̀. A ò sọ pé Fálétí ló dá ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sílẹ̀ o. Àwọn akàròyìn àti òǹkọ̀wé ló pawọ́ pọ̀ sọ irú wọn di ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé irú ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni ó ti jáde. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tó bá nǹkan mu lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, bí wọ́n bá pè é síbi eré, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù fún un kò ju pé kó yí ibi tí yóò dúró sí padà.

Fálétí nìkan kọ́ ló gba ọ̀nà yìí. Àwọn òbí yín yóò ti mẹ́nu ba Gbénga Adébóyè fún yín, ẹni tí wọ́n ń pè ní Fúnwọntán. Orí rédíò ní Èkó ni ó ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sídìí àwàdà, ó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ó kọrin, ó sì ń dúró bí MC níbi ìnáwó. Ó máa ń pe ara rẹ̀ ní Alhaji, Pastor, Olúwo, kí onímùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe lè jọ gbọ́ ọ kí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Ó kú ní 2003, ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí YouTube títí di òní. Eku tirẹ̀ ni ẹ̀rín tó ní ọgbọ́n nínú. Ó lé e láti orí rédíò dé orí pèpéle.

Yínká Ayéfẹ́lẹ́ náà, tí ẹ̀ ń jó orin rẹ̀ níbi ìgbéyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n yín, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni lórí Radio Nigeria ní Ìbàdàn kó tó di olórin. Ní oṣù kejìlá ọdún 1997, ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ó sì di ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlèrìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìjàǹbá náà mú, kò mú ohùn rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, Bitter Experience, ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní 2015, ó padà sídìí rédíò, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Fresh FM ní Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó ti kọ́ nídìí rédíò kò ṣòfò lọ́jọ́ tí ayé rẹ̀ yí bìrí.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Ẹ ó ní ayé Fálétí yàtọ̀ sí ayé tiwa. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ rédíò kò pọ̀. Bí ohùn rẹ bá ti wọ inú rẹ̀, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Lónìí, gbogbo ẹni tó ní fóònù ló ní gbohùngbohùn, ta ni yóò wá gbọ́ tiwa láàárín ariwo?

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Fálétí fi kàn yín. Nígbà tí gbohùngbohùn bá ti pọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, kì í tún ṣe gbohùngbohùn làwọn èèyàn ń wá. Ẹni tó ní nǹkan í sọ, tó sì mọ̀ ọ́n sọ, ni wọ́n ń wá. Fóònù tiyín kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì, kíá ló ń gba èsì. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ ti mọ iye ènìyàn tó fẹ́ràn rẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó léwu. Èsì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lé báyìí. Bí orin bá ń tà lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á kọrin. Bí ìjà bá ń tà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á jà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni òwe àwọn òbí yín bá wí, kì í ṣe Fálétí.

Ẹlòmíràn yóò ní Yorùbá kò mówó wọlé níbí. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ẹjọ́ ní Bìrìtìkó ń lo ògbufọ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. BBC, tó ti ń gbé ìròyìn jáde ní èdè Háúsá láti 1957, dá ti Yorùbá sílẹ̀ ní 2018. Ọ̀dọ́ tó mọ Yorùbá kọ kó já gaara, tó mọ kámẹ́rà lò, ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá. Ẹni tó bá sì lè fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì darí ìgbéyàwó tí ìdajì àwọn àlejò rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun mọ iye tí wọ́n ń san fún un. A ò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá ni yóò di Fálétí, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kọ́ ìṣirò owó sílẹ̀. Fálétí fúnra rẹ̀ ń gbowó oṣù. Ohun tó mú kó yàtọ̀ ni pé iṣẹ́ oṣù rẹ̀ àti ohun tó nífẹ̀ẹ́ sí ń bọ́ ara wọn.

Owó tilẹ̀ kọ́ ni ohun tó ń dùn wá jù. Ẹ wo inú gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe ìnáwó lókè òkun yìí. Ta ni alága ìdúró? Ta ni alága ìjókòó? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá tó gbọ́n ọ̀rọ̀ náà láti ilé kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìyá náà ń ki ìdílé ìyàwó, ó ń fi ọ̀rọ̀ dá ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ ń wo fóònù. Ọkọ ìyàwó ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n ní kí òun ṣe. Ogún ọdún sí i, nígbà tí ìyá náà bá ti fẹ̀yìn tì, ta ni yóò gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀? Bí kò bá sí ẹni tó gbà á nínú yín, a ó ṣì máa wọ aṣọ òfì, a ó ṣì máa ná owó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó so ìdílé méjì pọ̀ yóò ti di ohun tí a ń ti inú fídíò àtijọ́ gbọ́. A ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Níbí, ó yẹ ká bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìforíbalẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti àǹtí wa, ẹ dákun, ẹ má fi ọmọ tó ṣi ohùn mú rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tí ẹ bí sí Peckham tó gbìyànjú láti kí yín lédè yín, tí ẹ wá ní kó tún un sọ kí gbogbo ilé lè fi rẹ́rìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa fi kí yín láti ọjọ́ yẹn lọ. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ bá a tún un ṣe jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ìsọmọlórúkọ bá wà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú gbohùngbohùn. Bó bá ṣì í, kò sí ẹni tó kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ohun tí a ní kí ẹ ṣe kò le. Lójoojúmọ́, ẹ mú ìròyìn Yorùbá kan, kó má gùn, kí ẹ kà á sókè sínú fóònù yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ara yín. Etí yín á sọ ibi tí ohùn ti ṣáko fún yín. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín lórí fóònù, kí ẹ ní kí wọ́n ki oríkì ìdílé yín, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ bèèrè ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní wà títí láé. Bí ẹ bá ti ṣe èyí fún ọdún kan, ẹ ó rí i pé podcast yín ti ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní.

Bí Yorùbá kò bá sì ni eku tiyín, ìyẹn náà kò burú. Ó lè jẹ́ ìtàn sísọ, ó lè jẹ́ ẹ̀rín, ó lè jẹ́ kí ẹ máa ṣàlàyé ohun tó le fún ẹni tí kò kàwé. Ẹ ṣáà mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ara yín pé: bí wọ́n bá gba ojúlé TikTok mi lọ́wọ́ mi lálẹ́ òní, kí ni màá ṣì máa ṣe láàárọ̀ ọ̀la? Bí wọ́n bá gba rédíò lọ́wọ́ Fálétí, ìwé wà. Bí wọ́n bá gba ìwé, orí ìtàgé wà. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sí ẹni tó lè gbà á.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá pa òwe eku méjì fún yín nílé, ẹ má bínú, ẹ má sì fèsì pẹ̀lú ìgbéraga. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, Dádì, eku kan ṣoṣo ni mò ń lé." Wọ́n á bi yín pé èwo ni. Ẹ rí i dájú pé ẹ ní ìdáhùn, ẹ sì gbìyànjú kí ìdáhùn náà jẹ́ ní Yorùbá.